Ta Ló De Bóòtì Yìí?

Ọdún mẹ́sàn-án ni píkọ́ọ̀pù bàbá àgbà mi fi wà lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, tí kò lọ, tí kò bọ̀. Adìẹ ń yé ẹyin sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Koríko ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ yọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú rẹ̀ ni èmi àti àwọn àbúrò mi ti máa ń ṣe eré awakọ̀ àti èrò, a óò máa fi ẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri ti bẹ̀ wá pé kí a ta á fún àwọn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni bàbá mi ní rárá, kò sì ṣàlàyé. Káfíńtà ni bàbá mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Pijó 504 ni ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà tó bá ń ka ìwé yìí kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ní 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ gbé 504 jáde. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Pijó sì di ọkọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀: ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ oníṣòwò. Èyí tó jẹ́ píkọ́ọ̀pù nínú wọn ni àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, tí à ń pè ní sípíríǹgì, ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, kì í tètè tẹ̀ bí ẹrù bá wúwo. Iṣu àti kòkó ni bàbá àgbà fi ń kó.

Kì í ṣe ìfẹ́ ohun àtijọ́ ló mú wa tún ọkọ̀ náà ṣe. Owó ni. Gàrí ni ìyá mi ń ṣe tà. Ọ̀nà Ìjàyè ló ti ń ra pákí, ọkọ̀ tó ń háyà ló sì fi ń kó o wálé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ gbéra, kò sì padà sílẹ̀ mọ́. Bí màmá mi bá ta gàrí tán, tó san owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀rọ, ohun tó máa ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó ń dá àjọ owó ìdánwò WAEC mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Wálé, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ abẹ́ máńgòrò yẹn, ṣé kí á máa wò ó, kí ó máa wò wá náà ni?"

Bàbá mi dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó igi àti páànù, ó ṣe àtíbàbà lé ọkọ̀ náà lórí. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó mú Ọ̀gá Mùfú wá, mẹkáníìkì tó jẹ́ pé Pijó nìkan ló ń tún ṣe láti kékeré rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọ̀gá ráyè. Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi àti bàbá mi ni à ń ṣe èyí tí a bá lè ṣe. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti jẹrà débi pé ẹsẹ̀ mi já wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ajórin gé e kúrò, bàbá mi sì fi pákó àpá ṣe ilẹ̀ tuntun síbẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí àpò pákí lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Ọ̀gá Mùfú fi irin kan kún sípíríǹgì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ohun tí ọ̀gá bá tú, kí n kó àwọn nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíìkì, kí n sì kọ ibi tí wọ́n ti wá sára agolo kọ̀ọ̀kan. Inú mi ń dùn. Ní ilé-ìwé, ìtàn ọkọ̀ yìí ni mò ń sọ ṣáá.

Ibi orí ẹ́ńjìnnì ni mo ti ṣìṣe. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì 504 jẹ́ irin dúdú tó wúwo, orí rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Gásíkẹ́ẹ̀tì kan tó pẹlẹbẹ bíi páálí ni wọ́n ń fi sáàárín méjèèjì. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: iná tó ń jó epo, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, àti ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ni kó má jẹ́ kí ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ọ̀gá Mùfú fi hàn mí bí a ṣe ń de àwọn bóòtì ibẹ̀.

"Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ṣe ti ọ̀tún, ṣe ti òsì, kó o máa bọ̀ ní etí díẹ̀díẹ̀. Má dè é le lẹ́ẹ̀kan náà. Yí gbogbo wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, orí yẹn á wọ́."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n dúró de òun di ọjọ́ Àìkú, òun á mú sípánà tó ń díwọ̀n bí bóòtì ṣe le tó wá.

N kò dúró. Mo ti ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n wá wo ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọwọ́ ara mi tò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo fi àkísà nu orí ẹ́ńjìnnì kó lè máa dán, ṣọ́ọ̀kì sì bá àkísà lọ. Mo wo ojú bóòtì, n kò rántí èyí tó ṣáájú mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo dè é lọ sẹ́yìn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, mo sì ki páìpù bọ ìdí sípánà kí agbára mi lè pọ̀. Nígbà tí mo parí, kò sí ohun tí ojú lè rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí Ọ̀gá Mùfú dé ní ọjọ́ Àìkú, ó béèrè pé, "Ta ló de bóòtì yìí?"

"Èmi ni, sà. Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é."

Ó fi sípánà rẹ̀ dán méjì mẹ́ta wò, wọ́n le. Ó mi orí, ó bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti de kábúrétọ̀ àti rédíétọ̀, a ti ra bátìrì. Ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó kọ ẹ̀rín, ó húkọ́, ó sì dún. Màmá mi ju àtẹ gàrí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ilé kejì, ilé kẹta sáré wá. Kò tó ìṣẹ́jú ogún tí èéfín funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ẹ̀yìn, tí omi sì ń hó. Ọ̀gá pa á. Ó fa irin tí a fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Ọ̀gá Mùfú wò mí. "Wálé, ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ lo ṣe dè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"A jẹ́ pé ayédèrú gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tà fún wa."

Ìyá mi fa ₦30,000 yọ nínú owó àjọ WAEC mi kí wọ́n lè lọ fi ẹ̀rọ ha orí ẹ́ńjìnnì tó ti wọ́. Èmi, bàbá mi àti Ọ̀gá Mùfú sì gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló tà á fún wa, ó fi òwú so apá awò ojú rẹ̀. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó ní ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ ń jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ará ìsọ̀ tó wà nítòsí yọjú.

Bàbá náà kò pariwo. Ó yí gásíkẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ibi tó ti jó. Ó gbójú sókè, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tajà níbí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé orúkọ mi lọ sílé báyìí." Ó na ọwọ́ sókè àjà, ó mú tuntun fún wa, kò gba kọ́bọ̀. ₦18,000 ni a ra ti àkọ́kọ́.

Mo jókòó sí ẹ̀yìn mọ́tò títí a fi délé, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wà lórí itan mi. Lálẹ́, n kò lè sùn. Mo bá màmá mi níbi tó ti ń bó pákí, mo jókòó tì í, mo bá a bó o. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo sọ fún un.

Kò nà mí. Ó bó pákí ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Lọ sọ fún bàbá ẹ. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí bàbá yẹn lọ́jà, ẹnu ẹ lo fi gbé e sí i lẹ́nu."

Mo sọ fún bàbá mi. Ó gbé ìrandà tó fi ń fá igi sílẹ̀, ó wọ ilé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n wọ bàtà.

Mo rò pé èmi ni màá tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé iwájú ìsọ̀ náà, bàbá mi ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, gbalaja, lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin gbingbin, níṣojú àwọn tó gbọ́ èébú ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, sà. Ọmọ mi ló purọ́, èmi ni mo bú yín." Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí bàbá mi tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí ó dọ̀bálẹ̀ nítorí mi.

Bàbá náà fà á dìde. Ó ní, "Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Etí kan ló ti jó. Ayédèrú kì í jó báyẹn, ẹni tó dè é ló kánjú." Bàbá mi bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ọmọ náà wà níbẹ̀. Mò ń retí pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Kò gba owó lọ́wọ́ bàbá mi. Èmi ló ní kí n wá san án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo gbálẹ̀, mo nu eruku, mo to bíárínì àti pọ́lọ́ọ̀gì sí àyè wọn. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú: ìwúwo rẹ̀, bí etí rẹ̀ ṣe dán sí, bí lẹ́tà ara rẹ̀ ṣe mọ́ tó.

Nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì dé láti ibi tí wọ́n ti ha á, mo rò pé Ọ̀gá Mùfú kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n sípánà tó ń díwọ̀n ló nà sí mi. "Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni wàá tún un ṣe," ó ní. Ó fà àga, ó jókòó tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ọ̀tún, òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí gbogbo wọn ká, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó gbà mí tó wákàtí kan.

Ọkọ̀ náà ń rìn báyìí. Àwọ̀ ewé la kùn ún. Ó ń kó pákí màmá mi láti Ìjàyè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, màmá mi sì ti dá owó tó yọ nínú àjọ WAEC padà. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wà á dé Gate, a gbé àpò gàrí kan lọ fún bàbá onísọ̀. Kí ó tó wo gàrí, ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa irin ọ́ìlì yọ, ó gbé e súnmọ́ awò ojú rẹ̀. Ọ́ìlì náà dúdú, ó mọ́, kò sí omi níbẹ̀. Ó fi àkísà ara rẹ̀ nu irin náà, ó dá a padà sí àyè rẹ̀.

"Ta ló de bóòtì yìí?" ó bi mí.

Mo ní, "Èmi ni, sà."