Owú Arọ́lákẹ́

Adé Love ṣe Ìjà Orogún ní 1982. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, Kúnlé Afọláyan ọmọ rẹ̀ ṣe Aníkúlápó. Òkè-Ògùn, tó múlé ti Ìbàràpá wa, ni wọ́n ti yà á. Bàbá ṣe fíìmù owú, ọmọ náà ṣe é. Ṣé ẹ rí i pé owú ò darúgbó?

Arọ́lákẹ́, olorì Aláàfin, fi ààfin sílẹ̀ nítorí Sàró, ẹni tó ń hun aṣọ òkè. Òun ló lé ẹyẹ Àkàlà kúrò lórí rẹ̀, tí àdó ajíǹde fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Owó dé tán, Sàró bẹ̀rẹ̀ sí kó ìyàwó jọ, ó tún ní àfi kí wọ́n fi ọmọ ọba obìnrin kún un! Kí Arọ́lákẹ́ tó jáde nílé, ó ti rí i pé àdó yẹn ò ní jẹ́ mọ́.

Kẹ́hìndé mi ní ìkà obìnrin ni. Mo ní irọ́ ni jàre. Ọmọ Igbó-Ọrà ni wá, ìbejì: bàtà méjì, ẹran méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà jowú. Ṣùgbọ́n ta ló lè pín ọkọ lọ́gbọọgba?

Ìyá wa, tí bàbá wa gbé orogún wá bá, ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò dá sí i. Àfi ìgbà tí ọmọ ọba ò jí, tí ojú Sàró ń ṣe wìrìwìrì, ni wọ́n rẹ́rìn-ín fẹ́ẹ́rẹ́.

"Kẹ́hìndé, ta ló ni àdó?"

Kẹ́hìndé ò fèsì. Wọ́n fa igbá ẹ̀gúsí wọn mọ́ra.