Ṣé Kí A Kúrò Lórí Nẹ́tíwọ̀kì Yìí?

Ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, owó dátà ti wọ ẹgbẹ́ owó gáàsì àti owó iná, owó tí a kì í fi falẹ̀. Ráútà kan ló ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí bàbá mi ti rà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni àríyànjiyàn ti wà lórí bóyá kí a fi ilé-iṣẹ́ tó ta á fún wa sílẹ̀, kí a lọ bá òmíràn. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé nítorí fíìmù àti TikTok ni. Bó bá ṣe nítorí ìyẹn ni, bàbá mi ì bá ti pa ráútà náà tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà dun jù. Wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n wá iṣẹ́ ìjọba títí, wọn kò rí i. Ní ọdún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú London ní èdè wa. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ní nígbà kan. Wákàtí wákàtí ni àwọn òbí ń sanwó, owó yìí la fi gba fọ́ọ̀mù JAMB mi, inú rẹ̀ náà la ti ń tu owó WAEC jọ. Ní báyìí, ọmọ mẹ́rin ló kù. Àwọn ìyá ọmọ méjì tó lọ kò bínú. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé ọmọ àwọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdún méje kan ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ pé ohùn nìkan ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti ń gé ọ̀rọ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á dàpọ̀, ọmọ á kàn máa wo ẹnu tó ń là tó sì ń pa dé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yìí pe ọkọ́ ní ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ bóyá ọmọ ló ṣì í pè tàbí nẹ́tíwọ̀kì ló bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Olùkọ́ tí kò bá lè mọ ìyẹn, kí ló fẹ́ bá ọmọ tún ṣe?

Bàbá mi kò fẹ́ kí a kúrò, ìdí wọn kò sì burú. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti ti ráútà náà pa, síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn kò lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí a bá lọ, ó di kí a gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tún ra òmíràn. Láti ọdún 2013 ló ti ṣeé ṣe ní Nàìjíríà kí ènìyàn gbé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láìpàdánù rẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ìyá mi tí gbogbo oníbàárà àdìrẹ mọ nọ́ńbà wọn ní Ìtokú, ṣùgbọ́n ta ló ń pe nọ́ńbà ráútà? Kì í ṣe nọ́ńbà ló so wá mọ́lẹ̀, àpótí dúdú yẹn ni.

Èkejì, bàbá mi gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n rán wa létí oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí báńkì pàápàá ń bẹ oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ìyà náà jọ jẹ. Nígbà tó tún di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún owó wọn, bí kò bá ti ju ìdá 50 nínú 100 lọ. “Ẹ lọ o, ẹ dúró o, owó ti gun òkè,” ni bàbá mi wí.

Ìyá mi ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: “Ẹ jẹ́ ká fi ariwo sílẹ̀. Aago mélòó gan-an ló máa ń bàjẹ́?” Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Mo mú ìwé ìṣirò mi kan tó ku ìdajì, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rìnlá wọn ìyára rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méje alẹ́ àti aago mọ́kànlá òru. Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mbps ló fi ń kà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye MB tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó fi 8 pín in. Nítorí náà, 20 Mbps tí ìpolówó ń pariwo, MB 2.5 péré ni, “títí dé” sì sábà máa ń wà níwájú rẹ̀ ní lẹ́tà tíntìntín.

Ní ìdájí, ohun tó ń wọlé máa ń tó 28. Ní aago méje alẹ́, ó lè já sí 3. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, nítorí aago yẹn ni gbogbo àdúgbò dé láti ibi iṣẹ́, orí òpó kan náà ni gbogbo wa sì ti ń fà á, bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo nínú agboolé. Nọ́ńbà kejì ló mú mi dúró, èyí tó ń sọ bí ohun tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa ṣe ń yára tó. Ìpolówó kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú àti ohùn ránṣẹ́ sí London, òun gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Tiwa ní aago méje alẹ́ kì í ju 0.6 lọ. Mo gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, ó gùn dé 0.9. Ó dára, kò tó. A kò sì lè sún ẹ̀kọ́ sí ìdájí. Nígbà òtútù, aago London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, nígbà ooru wọn, aago kan náà ni a jọ ń lò. Kí ọmọ tó ti ilé-ìwé dé kó jẹun, aago mẹ́fà tàbí méje tiwa ti lù.

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé wa ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n yá mi ní fóònù wọn ní aago méje alẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ohun tó ń jáde jẹ́ 3.1 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, 2.7 lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi ní orí òpó kan náà ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì so ẹ̀rọ wọn mọ́, kí ni a wá ń yí padà? Òótọ́ ni, wọ́n máa ń jọ háyà òpó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún kálukú yàtọ̀, èrò tó wà lórí rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Ọkọ̀ méjì lè jọ gba títì kan náà lọ sí Èkó, kí ọ̀kan kún fọ́fọ́, kí èkejì ṣì ní àyè.

A gbé ti okùn fáìbà yẹ̀ wò, kò tíì dé òpópónà wa. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, kò nílò òpó rárá. Sátẹ́láìtì rẹ̀ kò jìnnà sókè púpọ̀, bíi kìlómítà 550, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kì í fi í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí owó ẹ̀rọ náà, ó lè jẹ wáàtì 50 sí 75, ráútà wa kò sì ju nǹkan bíi 10 lọ. Nígbà tí iná bá lọ, ínfátà kékeré tí a ní ló ń gbé ráútà, gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan di aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyá mi béèrè bóyá sátẹ́láìtì náà ni yóò máa fẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni a parí tirẹ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a lọ ra ráútà ilé-iṣẹ́ tí télọ̀ ń lò lọ́jọ́ kejì, nítorí wọ́n ń ta á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá san owó dátà oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Èmi àti ìyá mi kò gbà. Títì pa ni òun náà. Mo dábàá pé kí a ra síìmù nìkan, kí a fi í sínú fóònù àtijọ́ kan, kí ẹ̀gbọ́n mi máa fi kọ́ àwọn ọmọ fún oṣù kan, kí a sì dín dátà orí ráútà kù. Bàbá mi gbà, inú wọn kò dùn sí i: “Ẹ̀yin ń pè é ní ìdánwò, owó méjì ni èmi ń pè é.” Wọn kò parọ́. Bí a ṣe dín in kù tó, ₦2,500 ló fi ju ohun tí a ń san tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀kọ́ ti gé, lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá méjì tó lọ ti gbà kí ọmọ rẹ̀ wá dán an wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Sátidé, èkejì kò fèsì. Ní tèmi, kí a kúrò, ṣùgbọ́n kí a fi sùúrù tọ́jú owó ráútà tí a kò tì pa, tó ń gba síìmù yòówù. Ó wọ́n ju ti ẹ̀dínwó lọ, àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ tuntun náà bá kún fọ́fọ́ lọ́la, síìmù nìkan la máa yọ. Bàbá mi kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Dátà orí ráútà yóò parí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Wọ́n ní bó bá ku ọjọ́ méjì, kí n mú ìwé ìṣirò náà wá, àwọn fúnra wọn yóò kà á.