Ẹ Má Tíì Fún Ọmọ Ní Fáìlì

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá gbọ́ “ìbọn” àti “ọmọ” pọ̀, àyà rẹ̀ á já. Ó sì yẹ kó já. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń tọ́mọ ní Pennsylvania mọ̀ pé iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ níbí. Láti ọdún 1974 ni ìpínlẹ̀ yìí ti ya àkókò kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì fún àwọn tó ń fi ìbọn ẹlẹ́tù àtijọ́ pa àgbọ̀nrín: èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, tó jẹ́ pé òkúta ló ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀. Ọmọkùnrin mi kó sí i láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kàkà kí n kọ̀ fún un kó wá máa yọ́ ọ ṣe, mo ní kó wá ṣe é lójú mi.

Ìbọn àlòkù tí a rà, apátí méjì ló ní. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa nílé, apátí kan ṣoṣo ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ ará Jámánì tó tẹ̀dó sí agbègbè Lancaster ló gbé irú oníméjì yìí wá láti ìlú wọn. Bí o bá fa ti ẹ̀yìn, wàá gbọ́ “kẹ́”: sípíríìnì ti ká, ó ń retí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìka kàn ti iwájú fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ti tó. Nítorí pé apátí tó le máa ń gbọn ọwọ́ ẹni tó ń wo ọ̀kánkán ni wọ́n ṣe dá irú èyí. Síkúrúù kékeré kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń pinnu bí ti iwájú yóò ṣe fúyẹ́ tó. Bí ẹ bá wé e wọlé jù, ti ẹ̀yìn kò ní dúró mọ́.

Apátí àtijọ́ ti jẹ tán, a ra tuntun. Ọmọ tò ó sí i, ó dè é pinpin, ó fa òòlù ìbọn sẹ́yìn. Òòlù kọ̀, kò dúró. Bó ṣe ń fà á lọ ló ń padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Dàdí, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.” Èkejì ni, “Níbo ni fáìlì wà?”

Fáìlì yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Òòlù ní eyín méjì nínú ẹ̀rọ ìbọn, ọ̀kan fún àárín ọ̀nà, ọ̀kan fún ìgbà tí a bá fà á dópin, irin kékeré kan tó rí bí ahọ́n ló sì ń há sí wọn. Bí a bá fi fáìlì rẹ́ ojú eyín wọ̀nyí pẹ́rẹ́, ìbọn náà lè máa yìn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Irin tí fáìlì bá sì ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ká tó ṣe ohunkóhun, mo ní kó ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi kanlẹ̀, kó fi ìka sàmì sí i, kó wá fà á jáde kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agba ìbọn. Bí ọ̀pá bá dúró kó tó dé ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Lẹ́yìn náà ló yọ òkúta, ó fi ègé igi rọ́pò rẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè kan náà léraléra: “Kí lo rí?” Mi ò bi í pé kí ló rò. Ó tú ẹ̀rọ kúrò lára igi, ó fà á lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò ti ahọ́n: eyín méjèèjì gbé e dúró. Ó dá ẹ̀rọ padà sínú igi láìfi apátí sí i: ó ṣì dúró. Ó wá fi apátí sí i, ó tún kọ̀. Mo fún un ní àbẹ́là. Ó fi èéfín rẹ̀ kun orí apátí, ó tò ó, ó tún tú u. Dúdú ti yí ahọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì fa nǹkan kan. Apátí tuntun yẹn ga ju ti àtijọ́ lọ. Síkúrúù gígùn tó gba ìdí agba kọjá sísàlẹ̀ wá ń fa gbogbo rẹ̀ sókè bó ṣe ń dè é pinpin. Nígbà tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, òòlù dúró. Ó gé pẹlẹbẹ idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ sáàárín igi àti àwo tí apátí jókòó sí, síkúrúù sì le dáadáa láìfa wàhálà.

A rò pé ó parí. Ó ká apátí ẹ̀yìn, ó kan ti iwájú, òòlù ṣubú, ó sì há sí àárín ọ̀nà. Níbí ni inú mi ti dùn jù, torí ẹ̀rọ tí a ti dá láre ni ẹjọ́ tún padà sí lọ́rùn. Apátí oníméjì kì í di ahọ́n mú sókè bí ìka ti ń ṣe. Ó kàn ń gbá a ni, ó sì ń fi í sílẹ̀. Irin kínkínní kan wà lára òòlù tó yẹ kó gbé ahọ́n kọjá eyín àárín. Òróró àtijọ́ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Nígbà tí ọmọ ń fi àtàǹpàkò dán an wò, àtàǹpàkò náà kò kúrò lára ahọ́n, ni àìsàn náà ò ṣe hàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó tán.

Ohun tí mo rí lára àwa òbí ni pé a máa ń yára. Yálà kí a já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọ, “gbé e wá níbí,” tàbí kí a tún ra òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé ìbọn náà lọ fún amọṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ, àmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti tún un ṣe, torí kò sí ẹ̀tù tí yóò wọ ìbọn tí ọmọ tún ṣe kí amọṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé wa, a kì í ká apátí ẹ̀yìn àfi tí ojú bá ti wà lára ohun tí a fẹ́ yìnbọn sí. Ìbọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀tù wà níbòmíràn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ọdẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Pennsylvania ní láti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ yí mọ́tò padà. Ẹ bá a jókòó títí ẹ̀kọ́ náà yóò fi parí.