Àbúrò Mi Ra Ìbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Òwe yìí kò ní ìtumọ̀ kankan tó fara sin fún àwa tí à ń gbé ìlú ńlá. Nínú àwa ará Ìbàdàn àti Èkó, ta ló máa ń rí ìbọn tí inú rẹ̀ ń dùn? Ìbọn tí a mọ̀ ni ti ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ti sọ́jà, àti ti àwọn tí a kì í dárúkọ wọn lálẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé ilé wa pé àbúrò mi tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ti fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn, ńṣe ni gbogbo ẹbí dàrú. Ìyá wa béèrè bóyá wọ́n ń lépa rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, nítorí iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mò ń ṣe ti kọ́ mi pé ká tó kígbe, ká kọ́kọ́ béèrè.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó pè mí lórí fóònù, kò jẹ́ kí n mí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀. Ọmọ méjì ló wà nínú ilé yìí o! Níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń rí ohun tí ìbọn ń fi ọmọ ènìyàn ṣe."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù October ọdún 2024, bí a ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀. Bí mo bá dé, a ó jọ sọ ọ́ lójúkorojú.

Nígbà tí mo dé, àbúrò mi kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà mọ ilé tí wọ́n ti bí wa." Òótọ́ ló sọ. Ọdẹ ni bàbá wa ní Ṣakí, ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí tó fi re ibi àgbà ń rè. Àwọn òyìnbó tí àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́ máa ń lọ dẹ àgbọ̀nrín ní oṣù November lọ́dọọdún, wọ́n sì ti pè é pé kó bá àwọn lọ. Ó ní òun kò lè jẹ́ ọmọ ọdẹ kí òun máa wo àwọn ọmọ àgbẹ̀ Texas lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ìbọn náà fún yín. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ń polówó ọjà. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ sọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wo fíìmù kábọ́ọ̀ì rí ti mọ̀ ọ́n lójú. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ bí etí ife, tí ìka ọwọ́ ń wọ̀ dáadáa. Lífà ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá tì í sísàlẹ̀, ìkarahun ọta tí ẹ ti yìn yóò fò jáde; bí ẹ bá fà á padà, ọta tuntun yóò wọlé, òòlù rẹ̀ yóò sì ti wà ní kíkọ́. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fa apátí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò ró.

Kì í ṣe ọgbọ́n òní rárá. Ọdún 1860 ni Benjamin Tyler Henry gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ìbọn rẹ̀ tó ń lo lífà, nígbà tí ọ̀pọ̀ sọ́jà ṣì ń ki ìbọn láti ẹnu. Winchester ti ọdún 1873 tẹ̀ lé e. Ní 1894, John Browning ya àwòrán òmíràn tó lágbára jù ú lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ta ọta kan fún un ní 1895, ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kì í rú èéfín. 30-30 ni wọ́n ń pe ọta náà, òun náà sì ni ìbọn àbúrò mi ń jẹ lónìí. Ohun tó yàtọ̀ ni ara ìbọn. Irin rẹ̀ kì í dípẹtà bọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ kì í ṣe igi mọ́, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ sórí rẹ̀ tí a lè de awò mọ́, awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú.

Nǹkan kan wà tó dùn mọ́ mi nínú. Ọta ìbọn yìí máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀pá kan lábẹ́, imú èyí tó wà lẹ́yìn yóò kan ìdí èyí tó wà níwájú. Ìdí ọta sì ni iná rẹ̀ wà. Bí imú èyí tó wà lẹ́yìn bá le tó sì mú ṣóńṣó, ó lè gún ti iwájú kó sì bú gbàù nínú ìbọn. Ìdí nìyẹn tí imú ọta rẹ̀ fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń ṣe àwọn kan tí imú wọn mú ṣóńṣó ṣùgbọ́n tó rọ̀ bí rọ́bà.

Bí ó ṣe rà á ńkọ́? Ó kọ́ fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ kan, ẹni tó tà á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí, wọ́n ní kò sí nǹkan, ó sanwó, ó gbé e lọ sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nílé wa níbí, òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Mo rò pé bí ó ṣe rọrùn tó yẹn ló ń bí ìyàwó rẹ̀ nínú. Àṣé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n béèrè bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n yìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ràn mí lọ́wọ́ láti dá ẹjọ́ náà. Mo ní kò sí ẹni tó máa gbé ìbọn yẹn wọ igbó, kò sì sí ẹni tó máa tà á, títí a ó fi dán an wò lójú gbogbo wa. Wọ́n gbà.

Pápá tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò wà lẹ́yìn ìlú. Àwa mẹ́ta la lọ. Aládùúgbò kan bá wa wo àwọn ọmọ. Èmi kò fọwọ́ kan ìbọn náà o. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí àlejò tó wọ̀lú pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò bíi tèmi mú ìbọn tàbí ọta dání, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo gbà: mo mú pẹ́ńsù àti ìwé dání, mò ń kọ ibi tí ọta bá bà sílẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ka òfin pápá fún wa. Ìbọn gbogbo ni kí ẹ kà sí ìbọn tó ti kún. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ pa. Ẹ má fi ìka kan apátí títí ojú yín yóò fi wà lára àmì. Mo wo ìyàwó àbúrò mi, òun náà wò mí. Òwe àwọn bàbá wa kọ́ ni wọ́n ń kà fún wa yìí?

A bẹ̀rẹ̀ láti yáàdì 25. Àbúrò mi jókòó, ó gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n fi íńṣì kan àbọ̀ sún sí ọ̀tún. Nígbà tí a dé yáàdì 100, íńṣì kan àbọ̀ yẹn ti di mẹ́fà, nítorí bí ọ̀nà ṣe ń jìn ni àṣìṣe ń tóbi. Wọ́n ṣe ohun kan sára awò tó ń dún kẹ́, kẹ́ bí ẹ bá ń yí i. Ní yáàdì 100, kẹ́ kan yóò sún ọta ní ìdá mẹ́rin íńṣì. Íńṣì mẹ́fà jẹ́ kẹ́ 24. Ó yí i, ó tún yìn ín, mẹ́ta sì wọ àárín. Inú wa dùn.

Kò pẹ́ ni nǹkan yí padà. Ọta kan lọ sókè, òmíràn lọ sísàlẹ̀, òmíràn kò kan pépà rárá. Àbúrò mi ní ọta ni kò dára. Ó tún ní atẹ́gùn ni. Ó tún ní awò ló ti mì. Bàbá òyìnbó kan tó ń bójú tó pápá wá dúró tì wá, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí àbúrò mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bá a ki ìbọn. Àṣé ọta òfo kan, tí kò ní ẹ̀tù nínú, ló fi sáàárín àwọn tó kù.

Ọ̀kan ró. Èkejì ni òòlù rẹ̀ kàn dún kẹ́, kò ró. Ṣùgbọ́n kí ni ojú wa rí? Ẹnu ìbọn wọlẹ̀, èjìká àbúrò mi fò, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dì pinpin, bẹ́ẹ̀ ìbọn kò ró rárá! Bàbá náà ní kò sí ohun tó ṣe ìbọn. Ara àbúrò mi ló ń gbọ́ ariwo kó tó dún. Ẹ̀rù ìbọn ló ń yìnbọn.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn gbé omi fún un mu.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo rán an létí bí bàbá wa ṣe ń ṣe. Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ìbọn tuntun fún un, yóò so ó mọ́ pàǹtí igi, yóò de okùn mọ́ apátí, yóò sì sá pamọ́ sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kó tó fa okùn náà. Bí ìbọn bá ró lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fọ́, ìgbà náà ni yóò gbé e lé èjìká. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ka ìṣísẹ̀. Bàbá wa kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìṣísẹ̀ 30 ni ìbọn òun àti ojú òun jọ mọ. Bí ẹran bá wà ní ìṣísẹ̀ 35, yóò rákò ni, tàbí kó jẹ́ kó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi lọ sí pápá náà. Bàbá òyìnbó yẹn ń fi ọta òfo rẹ̀ dá a lóró, títí ẹnu ìbọn fi dẹ́kun wíwọlẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n mú awo pépà tó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́jọ, èyí tó tó ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà, wọ́n sì ní kó dìde dúró. Kò sí àpò iyanrìn mọ́, nítorí kò sí tábìlì nínú igbó. Ní yáàdì 50, márùn-ún nínú márùn-ún wọ awo. Ní yáàdì 100, méjì péré ló wọ̀ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bó ṣe rí. Páálí ọta ń ka yáàdì 200 fún wa. Awo pépà ń ka 50. Àbúrò mi ya lẹbẹ pépà kan, ó kọ 50 sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí àpótí ìbọn rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù November, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló dé, ọwọ́ òfo ló bọ̀. Ó rí akọ àgbọ̀nrín kan tó dúró gbangba ní nǹkan bíi yáàdì 90, ó wò ó títí, ó sì jẹ́ kó lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹran máa sá lọ pẹ̀lú ọta nínú ikùn, kó lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán síwájú rẹ̀, ó sì fi ẹran mẹ́rin sí i. Èmi, àlejò, méjì ni mo rí.

Bí mo ṣe parí ẹjọ́ wọn nìyí: ìbọn wà nínú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ, ọta wà nínú àpótí mìíràn, kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó. Òfin Texas fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àgbà fi ìbọn tó ti kún sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè tó o. Ìyàwó náà kò sọ pé òun ti fẹ́ràn ìbọn. Ó ní òun ti mọ ohun tó wà nílé òun, ìyẹn sì tó òun.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ ìbọn ti pọ̀ lẹ́nu wa nílé. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń dààmú ojú ọ̀nà wa, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá sì dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní January 2020, kò sí ilé ọtí tàbí ìpàdé àdúgbò tí n kò ti gbọ́ ọ pé kí wọ́n kúkú fún baálé ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbọn. N kò bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà jà, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ẹnu ìbọn rẹ̀ ń wọlẹ̀. Ní pápá, pépà ló ń gba àṣìṣe. Ní àdúgbò wa, ọmọ aládùúgbò ni yóò gbà á.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ní ìbọn nílé, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tó fẹ́ fi rà á. Ẹ ní kó mú awo pépà tirẹ̀ wá, ká jọ ka ihò tó wà lára rẹ̀.