Àmì Ohùn Tí Ọmọ Kò Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi olùkọ́ Yorùbá ni mo gbàgbé òwe náà nínú kíláàsì mi ní Ẹgàn, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ga, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì fi í sí. Bí mo bá ní kí ó ké oríkì, kì í ṣì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá da iṣẹ́ kọ láti ojú pátákó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ ìyàwó kì í ní ìyàtọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Mo pè é ní aláìbìkítà, mo sì fi í sórí ìkúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n súnmọ́ pátákó." Nígbà tí ó dé iwájú, ó ní, "Mo rí àmì náà wàyí, sà. Láti ẹ̀yìn, bí ẹ̀fúùfù ẹfun ni mo máa ń rí i." Ọ̀rọ̀ kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni yóò máa lo awò bí arúgbó? Awò a máa ba ojú jẹ́." N kò bá a jà. Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, láàárín 1999 sí 2007, tí ètò Jígí Bọ́lá ń pín awò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àgbà ni èrò ọ̀pọ̀ wa lọ sí. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹyinjú ọmọ tí kò rí òkèèrè sábà máa ń gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Àwòrán á kó jọ kí ó tó dé ẹ̀yìn ojú. Awò kì í bà á jẹ́. Ṣe ni ó ń gbé àwòrán náà dé ibi tí ó yẹ.

Ó gbà. Ní ilé ìwòsàn ojú, wọ́n ní kí ọmọ náà ka irú lẹ́tà tí Herman Snellen, dókítà ará Nẹ́dálándì, gbé jáde ní 1862, tí a ń dúró ní mítà 6 kà. Mo rántí àga rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì: ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ó gbé awò wọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní "Olójú Mẹ́rin". Mo dá wọn lẹ́kun, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Tòsì tèmi ló pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó ń rí.