Kẹ́míkà wà nínú aró àwọn ìyá wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí "àdìrẹ àdáyébá, kò sí kẹ́míkà kankan nínú ẹ̀" lórí ayélujára, orí máa ń fọ́ mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra àdìrẹ o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí irọ́ yẹn fi ń dùn mí.

2/ Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan tó ń ta àdìrẹ sókè òkun gbé iṣẹ́ fún mi, pé kí n bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò ogún. Wọ́n ní "kò sí kẹ́míkà" gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀. Mo bi wọ́n pé aró wo ni wọ́n fi rẹ aṣọ náà. Wọ́n ní aró oníyẹ̀fun tí wọ́n rà lọ́jà, pẹ̀lú sódà. Mo ní ká kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, á ṣì tà. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, àwọn á wá ẹlòmíì. Wọ́n wá ẹlòmíì lóòótọ́. Owó náà lọ bẹ́ẹ̀.

3/ Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Ọdún mẹ́rin la fi gbọ́ oxidation àti reduction, a fi ṣèdánwò, a tún ń lá àlá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìkòkò aró fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn gan-an nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wonú ẹ̀.

4/ Látorí ewé la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é ní Lonchocarpus cyanescens, wọ́n tún ń kọ ọ́ ní Philenoptera cyanescens báyìí. Tẹ́ ẹ bá já ewé ẹ̀, ẹ ò ní rí búlúù kankan níbẹ̀. Ewé lásán lẹ máa rí. Búlúù yẹn ò tíì sí.

5/ Ohun tó wà nínú ewé aró ni èròjà kan tí kò láwọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ewé aró láyé, indican lorúkọ ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó bí èèyàn méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú: ọ̀kan ni ṣúgà, èkejì ni indoxyl. Níwọ̀n ìgbà tí ṣúgà bá ṣì dì í mú, indoxyl ò lè di aró.

6/ Ìdí tí àwọn ìyá aláró fi ń gún ẹ̀lú lódó nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń gún un, ara ewé ń fọ́, ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀ á wá bá indican, á já ṣúgà kúrò lára ẹ̀. Indoxyl méjì á so pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n á di indigo. Búlúù dé nìyẹn. Wọ́n á fọwọ́ ṣù ú roboto, wọ́n á sá a sóòrùn, ó di ohun tí wọ́n lè gbé lọ sọ́jà.

7/ Àmọ́ wàhálà ṣì wà níwájú. Indigo kì í yọ́ nínú omi. Ẹ dà á sómi, ẹ rò ó títí di ọ̀la, á kàn rọ̀ sísàlẹ̀ bí yẹ̀fun ni. Aṣọ ò ní mu ún.

8/ Ibí gan-an lọgbọ́n wà. Wọ́n á sun igi, wọ́n á kó eérú ẹ̀ sínú ìkòkò tó níhò nídìí, wọ́n á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn. Wọ́n á da omi sórí eérú yẹn kó máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi tó jáde máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Alkali nìyẹn, ọmọ ìyá sódà. Òun ni wọ́n á dà sórí ẹ̀lú, wọ́n á dé ìkòkò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

9/ Láàárín ọjọ́ yẹn, bakitéríà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọmọrí. Wọ́n ń lo ọ́síjìn inú omi tán, wọ́n sì ń fún indigo ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Reduction tá a fi ṣèdánwò nìyẹn! Indigo á pàdánù búlúù ẹ̀, á di oríṣi kan tó ń ṣe yẹ́lò, tó lè yọ́ nínú omi eérú. Ìgbà yẹn ni aṣọ tó lè mu ún.

10/ Àwọn ìyá aláró ò ní mítà kankan tí wọ́n fi ń wọn pH o. Imú ni, ojú ni, ahọ́n ni. Wọ́n á gbóòórùn ìkòkò, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á mọ̀ bóyá ó ti tó tàbí kò tíì tó. Ṣebí ohun tá a ń ṣe ní láàbù náà nìyẹn, àwa kàn ní ìwé tá a ń kọ ọ́ sí ni.

11/ Wọ́n á ri aṣọ bọ ìkòkò, wọ́n á fà á jáde. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àárín yẹ́lò àti àwọ̀ ewé ló máa wà. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, ẹ máa rí i lójú ara yín tó ń di búlúù. Ọ́síjìn ló ń dá indigo padà, oxidation nìyẹn. Wọ́n á tún un rì, wọ́n á tún un fà jáde, títí á fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́.

12/ Indigo ò so mọ́ òwú o, inú òwú ló há sí. Ìdí nìyẹn tí àdìrẹ tuntun fi máa ń kùn yín lára, tí jíǹsì yín náà sì máa ń ṣí. Aró kan náà ni wọ́n fi ń rẹ jíǹsì.

13/ Tó bá jẹ́ indigo ló wà nínú yẹ̀fun ńkọ́? Adolf von Baeyer ará Jámánì ló tú àṣírí bí indigo ṣe rí lọ́dún 1883. BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1897. Baeyer gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1905. Indigo tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ àti èyí tó tinú ewé jáde, C16H10N2O2 ni méjèèjì. Tewé kàn máa ń gbé àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn dání, bí indirubin tó pupa. Torí náà, ẹni tó ń pe búlúù inú yẹ̀fun ní májèlé, tó wá ń pe tewé ní oògùn, irọ́ ló ń pa.

14/ Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí kọ́sítíkì sódà àti aró òyìnbó dé Abẹ́òkúta, àwọn aláró gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí ó ń mú iṣẹ́ yá. Láwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, wọ́n ní ó ń ba ọjà jẹ́. Àwọn obìnrin náà ò gbà. Wọ́n fẹjọ́ sùn títí ìjọba fi ṣe ìwádìí lọ́dún 1936. Àwọn ìyá tá à ń fi orúkọ wọn ta "kò sí kẹ́míkà" gan-an ló jà kí wọ́n lè máa lo sódà!

15/ Mi ò ní kẹ́ ẹ máa fi sódà ṣeré o. Ó ń bó awọ ara, ó lè fọ́ ojú. Hydrosulphite tí wọ́n ń pò mọ́ ọn náà ní gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀, kò dáa láyà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níta gbangba. Àmọ́ omi eérú náà ń bó ọwọ́. Pé nǹkan jẹ́ àdáyébá ò ní kó má ṣeni léṣe.

16/ Kí ló wá fi yàtọ̀? Iṣẹ́ ni, àti ọjọ́. Ẹni tó já ewé, tó gún un, tó sá a, tó sun eérú, tó ṣọ́ ìkòkò, ó yẹ kó gba owó tó pọ̀ ju tẹni tó po yẹ̀fun láàárọ̀ lọ. Tẹ́ni tó po yẹ̀fun bá wá kọ "ẹ̀lú" sára tiẹ̀, owó ìyá yẹn ló ń jí. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, kì í ṣe yẹ̀fun.

17/ Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Indigo oníyẹ̀fun, sódà, a rì í lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọwọ́ la fi ya iṣẹ́ ara ẹ̀." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á, ẹ béèrè: ewé ni àbí yẹ̀fun? Eérú ni àbí sódà? Ẹlẹ́lùú gidi á dáhùn kẹ́ ẹ tó béèrè tán, á tún pè yín wá wo ìkòkò.

18/ Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe. Tí màmá àgbà yín bá jẹ́ aláró, tàbí ìyá kan wà ládùúgbò yín tó ṣì ń ṣe é, ẹ bi wọ́n lónìí: kí lẹ̀ ń pe omi eérú yẹn? Òórùn wo lẹ fi ń mọ̀ pé ìkòkò ti tó? Ẹ ká ohùn wọn sórí fóònù tí wọ́n bá gbà. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀ níbí pẹ̀lú orúkọ ìlú yín. Mò ń kó gbogbo ẹ̀ jọ.