Àjọ Ọkọ̀ Òwòdé

Ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Ìbàfò ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fojú ara mi rí bí àwọn ṣe ń mú ará àdúgbò lọ yí ibùdó ìdìbò wọn padà. Láti ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti kọjá sí Ìfọ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń kọ́ ara wọn bí a ṣe ń ka ìwé èsì ìbò. Ìdìbò 2027 ń bọ̀, mo sì ti gbọ́ ariwo àwọn olóṣèlú tó. Àwọn tí kì í pariwo ni mo fẹ́ rí.

Mo wọ ọkọ̀ l'Ọ́jọ́tà láàárọ̀ Sátidé. Bí a ṣe kọjá níbi tí títì Orẹ̀gún ti já sójú ọ̀nà, mo bi ọmọbìnrin tó jókòó tì mí bóyá ó mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì náà. Ó ní ó dà bíi pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ni. Kúdírátù Abíọ́lá ni; agbègbè yẹn ni wọ́n ti yìnbọn pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996. Ọkọ rẹ̀, M.K.O. Abíọ́lá, ni aráàlú dìbò fún ní June 12 ọdún 1993; ìjọba ológun wọ́gi lé ìbò náà, wọ́n sì ti ọkùnrin náà mọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́. Mo rọ́ ìtàn náà fún ọmọbìnrin yìí títí a fi dé Berger. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ilé ẹ̀kọ́ wa ò kọ́ wa ní ìyẹn."

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó bá rántí bó ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é, ọlọ́kọ̀ ni wọ́n rò, wọn ò ro ti ẹlẹ́sẹ̀ tó. Láti Mágbòrò dé Mowé, mo ń wo àwọn ìyá tó gbé ẹrù lérí, tí wọ́n ń gun kọnkéré àárín títì, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn awakọ̀ tó ń gba wọn-wéè tún ń já wọn láyà láti ibi tí wọn ò fojú sí. Kí ènìyàn tó lè kọjá sí òdìkejì ọ̀nà ládùúgbò ara rẹ̀ kò yẹ kó di ohun tí a ń gbàdúrà lé lórí.

Ní Ìbàfò, alága ẹgbẹ́ náà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sì pẹ́ tó fi sọ fún mi pé ẹni tí mo wá wò kò sí lọ́dọ̀ òun. "Ìyá Ọlọ́fàdà ni kí ẹ lọ bá ní Mowé. Àwa ń ṣèpàdé, òun ló ń ṣiṣẹ́."

Abẹ́ ìbòrí páànù ni ìyá náà ti ń tajà. Ewé ló fi ń pọ́n ìrẹsì Ọ̀fàdà rẹ̀, kì í bù ú sínú ike. Ọbẹ̀ ayamáṣe rẹ̀ ta sánsán: irú, ata tútù, epo tí wọ́n ti yọ́ dáadáa, ẹyin, ṣàkì àti pọ̀nmọ́. Ìlú Ọ̀fàdà gan-an kò jìnnà síbẹ̀, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé kan náà ni wọ́n wà, nítorí náà ìrẹsì náà kì í ṣe ayédèrú. Mo jẹun kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó ní ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ràn.

Ìtàn tí ìyá yìí sọ fún mi ló gba ọkàn mi ní gbogbo ọjọ́ náà. Mushin ló ń gbé nígbà tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò lọ́dún 2011. Nígbà tí owó ilé wọ́n jù, òun àti ọkọ rẹ̀ kó wá sí Mowé, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ṣe. Káàdì rẹ̀ kò bá a kó. Lọ́jọ́ ìbò, ìjọba kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn láti òwúrọ̀ títí ìbò yóò fi parí. Lọ́dún 2015, ó lọ sùn sílé àbúrò rẹ̀ ní Mushin mọ́jú, ó sì dìbò. Lọ́dún 2019, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀: ó pa ìsọ̀ dé ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì, ó sì wọkọ̀ lọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ọjọ́ kejì, rédíò sọ pé INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti sún ìbò ààrẹ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Òru mọ́jú ọjọ́ ìbò gan-an ni wọ́n kéde rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi, mo ń ṣírò," ló wí. "Owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀, ọjà tí mi ò tà, ata tó ti bàjẹ́. Mi ò lè tún un ná lọ́sẹ̀ kejì. Bí mi ò ṣe dìbò nìyẹn." Lọ́dún 2023 kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó jókòó sílé ní Mowé, ó ń wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ń tò níwájú ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ní ojú ti òun bíi pé òun jẹ gbèsè.

Lẹ́yìn ìyẹn ló pinnu. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tó wà nígbà náà, fún ẹni tó bá ti ṣí kúrò níbi tó ń gbé láyè láti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbi tí òun wà báyìí, bó bá ti ku ó kéré tán àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí ìbò tó wáyé. Ọ́fíìsì INEC tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń lò, Òwòdé ló wà. Lóòótọ́, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fóònù tó ní bọ́tìnnì ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ọjà yìí ń lò. Láti Mowé lọ sí Òwòdé, odindi ọjọ́ ọjà kan ni yóò ná wọn, pẹ̀lú owó ọkọ̀.

Ìyá yìí bá dá àjọ sílẹ̀. Wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti tó, wọ́n á háyà kòròpé kan, àwọn tó bá kàn á sì jọ lọ. Àwọn tó kù nílé ló ń bá wọn jókòó ti ọjà. Ó mú ìwé orúkọ náà jáde fún mi nínú agolo Milo tó ń kó owó sí: ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí epo ti ta sí lára. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, orúkọ ní apá òsì, "ó ti lọ" láàárín, "ó ti gba káàdì" lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún yẹn ni kò kún tó, ó sì ń dùn ún. Ó ní gbígba káàdì ni iṣẹ́, nítorí ẹni tó ti lọ lẹ́ẹ̀kan máa ń rò pé òun ti parí.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan wá jẹun. Ajégúnlẹ̀ ló ti kó wá láìpẹ́. Ó ń tijú, ó ní òun fẹ́ lọ ṣùgbọ́n òun ò tíì dá àjọ kankan. Ìyá náà kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú bírò, ó yọ orúkọ ọmọ ilé rẹ̀ kan kúrò nínú àwọn tí yóò lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kọ ti ọmọkùnrin náà sí i. "Ìyẹn á lọ lẹ́yìn rẹ. Ilé wa lòun wà, kò níbi tó ń sá lọ." Ó wá gba owó oúnjẹ rẹ̀ pé, kò dín kọ́bọ̀.

Mo bi í ìdí tí kò fi jẹ́ kí olóṣèlú bá wọn gbé ọkọ̀ náà. Ó ní ọmọ ẹ̀yìn ẹnì kan ti wá rí. Ó gbé bọ́ọ̀sì wá, àwòrán ọ̀gá rẹ̀ kún ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kìkì pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ní, 'Kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì wa ṣe?' Ó ní kí wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mo ní INEC ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bu ìrẹsì fún un, ó sanwó, mo fún un ní ṣéńjì."

Láti ìgbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ọdún 2018 ni "dìbò, kí o sebẹ̀" ti di ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa, tí a ń sọ ọ́ bíi pé òtòṣì ló máa ń ta ìbò. Inú mi kì í dùn sí i. Obìnrin yìí ń sebẹ̀ lójoojúmọ́, ó mọ iye tí ata ń jẹ́ lọ́jà ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, kò sì ta tirẹ̀. Ìwà wa sí àwọn aláìní nínú ọ̀rọ̀ ìbò kò dára. A ń bú wọn pé wọ́n gba ẹgbẹ̀rún díẹ̀, a kò bú ẹni tó gbé owó náà wá bẹ́ẹ̀, a kò sì béèrè ìdí tí ìbò dídì fi ń ná wọn lówó látilẹ̀.

Ìdí kan ni pé ibùdó ìdìbò kò bá ènìyàn rìn. Ọdún 1996, ọdún tí wọ́n pa Kúdírátù, ni NECON, àjọ elétò ìdìbò ayé ìjọba ológun Abacha, to àwọn ibùdó tí a lò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà. 119,974 ni gbogbo wọn ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, oko ló pọ̀ jù nínú ibi tí a ń pè ní Mowé àti Ìbàfò lónìí. Ọdún 2021 ni INEC tó sọ wọ́n di 176,846. Ìyẹn dára, mo sì yìn wọ́n fún un. Àmọ́ bí o bá gbé ibùdó sẹ́nu ọ̀nà ènìyàn, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní Mushin, ibùdó náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìbàfò àti Mowé yẹ kí wọ́n ní ibi tí òṣìṣẹ́ INEC á máa jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, kò yẹ kó jẹ́ Òwòdé nìkan ni gbogbo ènìyàn á gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹni tó bá rò pé ìbò ẹnì kan kò já mọ́ nǹkan, kó wo ìdìbò gómìnà Ògùn ti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 2023. Wọ́n ní Dàpọ̀ Abíọ́dún ní 276,298, Ládi Adébùtú ní 262,383. Ìyàtọ̀ 13,915 péré. Mi ò sọ ẹni tó yẹ kó wọlé. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti parí ìyẹn ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní agogo márùn-ún ìdájí Mọ́ńdè, kí ẹ wo àwọn tó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, kí ẹ sì bi ara yín iye wọn tí káàdì wọn wà níbi tí wọn ò gbé mọ́.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀. Ní àárín ọdún 1940 sí 1945, ìrẹsì ni àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta, tí ẹgbẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi dìde fún wọn, tí gbígbà náà sì dáwọ́ dúró. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1947, wọ́n tò lọ sí ààfin pé àwọn ò ní san owó orí nígbà tí àwọn ò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí mo sọ èyí fún Ìyá Ọlọ́fàdà, ibi ìrẹsì ló ti dá mi dúró. "Wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn?" Ó ní kí n tún un sọ, kí àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀hún lè gbọ́.

Àtúnsọ ìtàn yẹn ló jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó kúrò. Mo padà sí Berger, mo gba Ìyànà-Ìpájà dé Sàngó, mo sì wọ ọkọ̀ Ìfọ̀. Ọ̀nà Sàngó sí Ìfọ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbà kọjá láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò yẹ kó ní irú títì bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo dé. Wọ́n ti ya fọ́ọ̀mù EC8A, ìwé èsì ibùdó ìdìbò, sára pátákó dúdú. Wọ́n ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá: iye ìwé ìbò tí wọ́n kó wá, iye tí wọn kò lò, èyí tó bàjẹ́, èyí tí wọ́n kọ̀, ìbò tó jẹ́ ojúlówó. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wọn kọ 212 síbi iye ẹni tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò, ó sì kọ 215 síbi iye ìbò. Ó ní, "Kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ọmọbìnrin kan ní kí wọ́n yọ mẹ́ta. Ọmọkùnrin náà ní rárá, lábẹ́ Òfin Ìdìbò, bí ìbò bá ju iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ, gbogbo ìbò ibùdó náà ni wọ́n á wọ́gi lé. Gbogbo 212 ènìyàn tó tò nínú oòrùn á pàdánù nítorí mẹ́ta tí ẹnì kan tì sínú àpótí. Ariwo sọ nínú yàrá náà. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn ní bí wọ́n bá ń kà á, ta ló máa wà níbẹ̀ tí á rí mẹ́ta yẹn?

Ìbéèrè yẹn ló gba ìyókù ìpàdé. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibùdó kọ̀ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù wọn, àti àwọn tí yóò dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi lẹ EC60E, ìwé èsì tí aráàlú lè kà, mọ́ ògiri, tí wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀. Obìnrin kan bèèrè ibi tí òun á ti rí ilé ìyàgbẹ́ títí di alẹ́. Òmíràn ní iná máa ń lọ, òun á gbé làńtànù alágbára wá, kí wọ́n má fi òkùnkùn ṣe àwáwí. Wọn ò tíì pín dé ìdajì nígbà tí wọ́n ní kí n sáré, ọkọ̀ Sàngó ti ń kún.